Yí Káàdì Wọnnì Padà Kí Wọ́n Tó Kó Wọn Lọ

Ilé wa,
Erunmu.

Àbẹ̀ní ọmọ mi,

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe ìṣirò fún ọ, nítorí o mọ bàbá rẹ. Ọkàn mi kì í balẹ̀ láti sọ ọ̀rọ̀ mìíràn bí owó bá ṣì wà nílẹ̀ tí a kò tíì kà. Ẹ̀gẹ́ tí a tà ní oko etí odò mú ₦250,000 wá. Fóòmù tí o ń sùn lé gba ₦78,000. Sìlíńdà gáàsì àti ìdáná orí rẹ̀ gba ₦46,500. Bàtà tí o fi wọ ibi iṣẹ́ gba ₦18,000. Ìyá rẹ ló yàn án, kì í ṣe èmi. Ọkọ̀ tó kó ẹrù rẹ láti Erunmu dé ilé tí o gbà gba ₦22,000, lẹ́yìn tí mo ti ná an dé ibi tí ẹnu mi lè ná an dé. Aṣọ fèrèsé, ₦9,500. Èyí tí a fi kún owó ilé rẹ, ₦60,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦234,000, ó ku ₦16,000. Mo fi ₦10,000 ránṣẹ́ sí ọ lọ́jọ́ Jímọ̀ kí o lè máa rí owó ọkọ̀ títí owó oṣù àkọ́kọ́ yóò fi dé. Mo ra bébà àti bírò tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí ní ₦800. ₦5,200 ló kù lọ́wọ́ mi. N kò ní kí o san kọ́bọ̀ padà níbẹ̀. Mo kà á kí o lè mọ̀ pé ní ti owó, kò sí ohun tí èmi àti ìwọ jẹ ara wa.

Ọ̀ràn mìíràn ló mú mi jókòó ti bébà. N kò lè sọ ọ́ lórí fóònù, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀, ìyá rẹ yóò gbà á lọ́wọ́ mi, ìwọ náà yóò sì máa sọ pé, “Bàbá, mo ti gbọ́, mo ti gbọ́.”

Lọ́jọ́ tí o pè wá lẹ́yìn ìrun Àsárì, inú rẹ dùn. O ní ilé ìkàwé ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ni wọ́n gbé ọ sí. O ní wọ́n fẹ́ pa á pọ̀ mọ́ ilé ìkàwé ńlá. O ní àwọn ìdì ìwé àtijọ́ tí wọ́n fi okùn dì wà nínú yàrá ìpamọ́, àwọn dúrọ́ọ̀ káàdì gbogbo ẹ̀ka sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ní kí o fọwọ́ sí i pé kò sí ohun tó wúlò níbẹ̀ mọ́, kí àwọn tó ń ra pépà àlòkù lè wá fi kílò rà á kí oṣù tó parí.

Ìyá rẹ ní, “Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ti sọ ọmọ mi di ìyálọ́jà onípépà.”

O ní, “Màámi, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò gbà ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Kọ̀ǹpútà ti gba gbogbo ohun tó wà nínú káàdì yẹn.”

Ẹ̀yin méjèèjì rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ bi mí bóyá inú ló ń run mí, mo ní kí ó fún mi lómi.

Àbẹ̀ní, má tíì fọwọ́ sí i. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ìyẹn lọ. Ìyókù lẹ́tà yìí ni ìdí tí mo fi sọ ọ́.

Mo mọ̀ pé o kàwé jù mí lọ. Ìwé mẹ́fà ni mo ní, pẹ̀lú ọdún méjì ní módà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí o mọ bí agbo ilé tí o wọ̀ yẹn ṣe wà, nítorí agbo ilé ni. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú wa sọ fún wa pé nígbà tí yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀, ilé onípákó ni wọ́n kó ìwé sí. Inú àpótí ni ìwé bá wá láti òkè òkun, àpótí náà ni wọ́n tò léra wọn tí wọ́n fi ṣe pẹpẹ. Bí òjò bá ṣú, olórí ilé ìkàwé fúnra rẹ̀ a bá àwọn òṣìṣẹ́ fa tapólì bo ìwé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n kọ́ ilé ńlá, alájà púpọ̀, gbogbo ìwé sì wà lójú kan.

Ṣùgbọ́n yunifásítì ń dàgbà. Àwọn dókítà ní ilé ńlá jìn, pé aláìsàn kì í dúró de ẹni tó lọ wo ìwé. Àwọn ará iṣẹ́ àgbẹ̀ ní wọ́n ń bú àwọn nítorí ẹrẹ̀ bàtà. Àwọn lọ́yà, n kò mọ ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ títí wọ́n fi gba tiwọn. Báyìí ni ẹ̀ka ṣe ń jáde lára ilé ńlá, bí ọmọ ṣe ń kúrò ní agbo ilé tó ń lọ kọ́ tirẹ̀ sétí oko. Ìdáná nìkan ni kò kúrò. Ilé ńlá ni wọ́n ti ń ra gbogbo ìwé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fún ìwé ní nọ́ńbà, bí ẹni ń sọ ọmọ lórúkọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń fi tàípù tẹ káàdì rẹ̀. Ilé ìdìwé, níbi tí wọ́n ti ń rán ìwé tó bá ti fàya, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwa tí a wà ní ẹ̀ka kàn ń gba oúnjẹ tó ti jinná ni.

Ìwé kọ̀ọ̀kan ní káàdì mẹ́ta nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀ka tiwa: ọ̀kan fún orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ọ̀kan fún orúkọ ìwé, ọ̀kan fún ohun tó dá lé lórí. Wọ́n ti kọ́ ọ ní ìyẹn ní ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí wọ́n lè má kọ́ ọ ni pé lọ́dọ̀ wa, akẹ́kọ̀ọ́ kì í wọ ibi tí pẹpẹ wà. Ẹnu kántà ló ń dúró sí. Yóò wá nọ́ńbà nínú dúrọ́ọ̀, yóò kọ ọ́ sórí bébà pélébé, àwa yóò wọlé lọ gbé ìwé wá. Bí káàdì bá ti kúrò nínú dúrọ́ọ̀, ìwé ti kú nìyẹn, ì báà dúró ṣinṣin lórí pẹpẹ.

Ọdún kan dé tí káàdì wọ́n. Òkè òkun ni wọ́n ti ń rà á, owó tí wọn yóò fi rà á kò sì sí. Ìwé tuntun ń wọlé, wọ́n ń tò wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí kò sí káàdì tí wọn yóò tẹ orúkọ wọn sí. Èmi wo káàdì tó wà nínú dúrọ́ọ̀ wa, mo rí i pé ojú kan ṣoṣo ni wọ́n fi tàípù tẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú. Ó dùn mí bí ìgbà tí ènìyàn bó iṣu tó gé èèpo nípọn jù.

A ní òfin kan nígbà náà. Lọ́dọọdún, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ sí ìsinmi, a ó ka ìwé. Ẹnì kan yóò máa pe káàdì, ẹnì kejì yóò máa wo pẹpẹ. Ìwé tí a kò bá rí, a ó fi pẹ́ńsù fa ìlà kan sórí káàdì rẹ̀. Bí ọdún kejì bá dé tí a kò rí i, ìlà kejì. Ìgbà tí ìlà bá di mẹ́ta ni a tó lè yọ káàdì náà kúrò, kí a sì kọ̀wé sí ilé ńlá pé ìwé ti sọnù, kí àwọn náà yọ tiwọn. Lójú mi, òfin yẹn jẹ́ ìnákúnàá. Kí ni à ń dúró dè fún ọdún mẹ́ta nígbà tí ẹ̀yìn káàdì wà lófo?

Mo yọ gbogbo káàdì tó ní ìlà kan ṣoṣo. Mo kọ orúkọ ìwé wọn jọ, mo gbé e fún ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn, ọmọ ìjọ Kérúbù, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè.

Ó ní, “Ràjí, ṣé o wò ó dáadáa?”

Mo ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, sà.”

Ó fọwọ́ sí i. Kò ṣí ojú ewé kejì. Ilé ńlá gbà wá gbọ́, wọ́n yọ tiwọn náà. Káàdì 648 ni mo kó jọ. Gbogbo ilé ìkàwé ló gbọ́ ọ. Ẹ̀ka àwọn dókítà wá tọrọ nínú rẹ̀, ẹ̀ka àwọn lọ́yà wá tọrọ, mo ń pín in bí ẹni ń pín ẹran Iléyá. Ilé ńlá bá ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tẹ orúkọ ìwé tuntun rẹ̀ sí ẹ̀yìn wọn, wọ́n sì tò wọ́n sínú dúrọ́ọ̀. Nínú ìpàdé, wọ́n ní kí n dìde dúró kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ohun tí n kò gbé yẹ̀ wò ni pé ọ̀pọ̀ ìwé wa ti wà ní ilé ìdìwé láti nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, nítorí òwú àti gọ́ọ̀mù kò sí. Mo mọ̀ pé a kó ìwé lọ síbẹ̀, èmi ni mo fi ọmọlanke tì wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n bébà tí a fi kó wọn lọ kọ iye ìdì, kò kọ orúkọ ìwé. Mo rò pé wọn kò tó nǹkan. Nígbà tí wọ́n rán wọn tán tí wọ́n kó wọn padà, mo tò wọ́n sórí pẹpẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àyè nọ́ńbà rẹ̀, mo sì lọ jẹun. N kò ṣí dúrọ́ọ̀ wò.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ nìyẹn, ọmọ mi. Òfin tó bá lọ́ra lójú rẹ, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é kí ni ó ń dúró dè, kí o tó pè é ní ìnákúnàá. Ọdún mẹ́ta tí wọ́n fún ìwé yẹn, àyè ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ilé ìdìwé, fún ẹni tó yá a tó ṣàìsàn, fún ẹni tó tò ó sí àyè olómìíràn. Ẹni tó ṣe òfin náà ti rí ìjàǹgbọ̀n tí èmi kò tíì rí.

Wàyí o, mo ní láti sọ ti Àǹtí Síkí.

O mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ní ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́ ní Lálúpọn, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú ju ẹ̀rọ náà lọ. O kò mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ọmọ bàbá wa tó wọ yunifásítì. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń kọ́. Ní ọdún tí ì bá fi jáde, ó fẹ́ ṣe ìwádìí lórí àrùn tó ń ká ewé ẹ̀gẹ́ kò ní àwọn oko agbègbè wa. Olùkọ́ rẹ̀ ní àwọn kan ti rin oko wọ̀nyẹn rí láyé àtijọ́, wọ́n sì kọ ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ó wà ní ilé ìkàwé wa, kí ó lọ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ó wá bá mi lẹ́nu kántà, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Lónìí, oníbàárà yín ni mí.”

“Kí lo fẹ́ rà?”

“Ìròyìn àrùn ewé ẹ̀gẹ́. Olùkọ́ mi ní ọ̀dọ̀ yín ló wà.”

Mo ṣí dúrọ́ọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. N kò rí i.

“Kò sí.”

“Ó ní ibí yìí lòun ti kà á.”

“Ó ti lè sọnù.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọ inú lọ wò.”

“Síkí, ohun tí kò bá sí nínú dúrọ́ọ̀, kò sí nínú ilé.”

Ó wò mí. Ó ní, “Bí ìyá wa bá ní iyọ̀ ti tán, ṣé ẹ máa ń gbà ni? Ṣebí ẹ máa ń lọ ṣí ìkòkò iyọ̀.”

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Mo sọ fún àbúrò mi pé kí ó yẹ̀ kúrò lẹ́nu kántà kí àwọn tó níṣẹ́ lè ráyè. Ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò ṣàwàdà mọ́. Mo tún sọ ohun kan náà fún un. Láti ẹnu kántà dé pẹpẹ tí ìwé náà wà kò jìn tó láti ẹnu ọ̀nà wa dé ìdí kànga.

Olùkọ́ rẹ̀ rò pé ó ń sá fún iṣẹ́ ni. Wọ́n ní kí ó wá ohun mìíràn ṣe ìwádìí lé lórí, àkókò sì ti lọ. Ó di ọ̀ràn pé kí ó fi ọdún kan kún un. Ọdún yẹn ni ẹ̀gẹ́ bàbá wa bàjẹ́, àrùn ewé kan náà ló bà á jẹ́. Síkí ní kí òun lọ dúró ní Lálúpọn fún ọdún kan, kí òun fi gàrí kó owó jọ kí òun tó padà. Ó ti ní ọmọ, ó ti ní ọmọ-ọmọ. Ọdún kan yẹn kò tíì parí.

Èmi rí ìròyìn náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá. Mo ń wá ìwé mìíràn fún ẹlòmíràn, ọwọ́ mi bà á. Aṣọ pupa tí ilé ìdìwé fi bò ó ṣì ń dán. Ó dúró sí àyè rẹ̀ gan-an, kò sí ẹni tó ṣí i láti ọjọ́ tí mo ti tò ó síbẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín pẹpẹ méjì.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Lálúpọn, mo gbé ìwé náà dání. Síkí wà nídìí agbada, ó ń yan gàrí. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún un lórí ìdúró. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó gbà á, ó ṣí i, ó rí orúkọ oko bàbá wa nínú rẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà náà dé ìparí. Lẹ́yìn náà ó pa á dé, ó nà án sí mi.

“Ọjọ́ wo lẹ gbọ́dọ̀ dá a padà?”

“Síkí, má ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Rárá o, Bọ̀ọ̀dá, ẹ sọ fún mi. N kò fẹ́ kí wọ́n bu owó ìtanràn lé yín nítorí mi. Ẹ yẹra díẹ̀, gàrí mi ń jó.”

Mo gbà á, mo sì wọ ọkọ̀ padà.

Ìmọ̀ràn kejì nìyí, Àbẹ̀ní: bí ẹnikẹ́ni bá dúró níwájú rẹ tí kọ̀ǹpútà bá ní kò sí, dìde. Wọ inú lọ. Àwárí ni obìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ẹni tó ń tọ́jú ìwé máa wá ìwé. Má jẹ́ kí ìtìjú iwájú èrò mú ọ fi “kò sí” dá ènìyàn lóhùn. Bí o bá wá a tí o kò rí i, sọ pé o kò rí i. “N kò rí i” àti “kò sí”, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ẹ̀kọ́ àbúrò mi sì ṣègbé sí àárín wọn.

Ìmọ̀ràn kẹta ni ó dùn mí jù, nítorí àgbà ni mí nígbà tí mo ṣe àṣìṣe yẹn, n kò lè sọ pé ọmọdé ló ń ṣe mí.

Nígbà tí mo ti Lálúpọn dé, mo mọ̀ pé ìwé Síkí kò lè jẹ́ òun nìkan. Bébà tí mo kọ orúkọ wọn jọ sí ti bá fáìlì àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí orúkọ àwọn yòókù wà. Ẹ̀yìn káàdì ni. Gbogbo káàdì tí a tẹ ìwé tuntun sí ẹ̀yìn rẹ̀, bí o bá yí i padà, ojú rẹ̀ àtijọ́ ṣì gbé orúkọ ìwé tí mo pa dání, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ àti iye ojú ewé rẹ̀. Ká ní mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn, tí mo ní, “Ọ̀gá, mo ṣe ohun kan,” wọn ì bá pe ènìyàn mẹ́fà jọ láti gbogbo ẹ̀ka, wọn ì bá yí gbogbo dúrọ́ọ̀ padà tán láàárín oṣù kan. Ṣùgbọ́n mo ṣírò rẹ̀. Mo ronú owó ìfẹ̀yìntì mi. Mo ronú àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ní kí n máa dá a ṣe díẹ̀díẹ̀ lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀.

Àìkówọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ wọ́n níyà. Ní ẹ̀ka tiwa, mo yí dúrọ́ọ̀ padà láìsí wàhálà. Mo rí ọ̀pọ̀ ìwé, mo fọwọ́ kọ káàdì mìíràn fún wọn, mo dá wọn padà sáàyè. Ṣùgbọ́n àwọn káàdì tí mo ti pín fún ẹ̀ka àwọn dókítà àti ti àwọn lọ́yà kò sí lábẹ́ ọwọ́ mi. Kí ni n óò sọ pé mo wá wò nínú dúrọ́ọ̀ wọn? Mo ń dọ́gbọ́n, mo ń lọ kí wọn, mo ń yí káàdì márùn-ún, mo ń kúrò. Ẹnì kan ní ẹ̀ka àwọn lọ́yà bi mí bóyá mo ń wá ẹni tí yóò gba ẹjọ́ mi rò. Mo bá a rẹ́rìn-ín, n kò sì lọ síbẹ̀ mọ́.

Kí n tó fẹ̀yìn tì, pẹpẹ wa kún. Wọ́n ní kí a di àwọn ìwé tí ẹnikẹ́ni kì í yá ní okùn, kí a kó wọn lọ sí yàrá ìpamọ́. Ta ni yóò yá ìwé tí kò ní káàdì? Àwọn tó kù nínú ìwé mi ni okùn kọ́kọ́ kàn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi dì wọ́n pẹ̀lú àwọn mìíràn, ìgbà yẹn ikán ti jẹ nọ́ńbà kúrò lẹ́yìn púpọ̀ nínú wọn, n kò lè dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Ìdì wọ̀nyẹn ni wọ́n ní kí o jẹ́ kí wọ́n fi kílò tà. Dúrọ́ọ̀ gbogbo ẹ̀ka tí wọ́n kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nìkan ló lè sọ fún ọ irú ìwé tí ó yẹ kí o wá nínú wọn. Kọ̀ǹpútà yín kò lè mọ̀ ọ́n, nítorí ojú tuntun káàdì ni wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó yí i padà.

Mo mọ ohun tí mo ń ní kí o ṣe. O kò tíì pé oṣù kan lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá rẹ yóò ní o fẹ́ fi iṣẹ́ falẹ̀. Wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé o kì í gbọ́ràn, wọn kò sì tíì fi ìdí rẹ múlẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá lé ọ, n kò ní ẹ̀gẹ́ mìíràn lóko tó lè mú ₦250,000 wá lọ́dún yìí. Mo ti ṣírò ìyẹn náà, mo sì tún ń sọ ọ́.

Ṣe é báyìí. Má lọ bá ọ̀gá rẹ lójú àwọn èrò, má sì bá a jiyàn. Lọ bá a nínú ọ́fíìsì rẹ̀, kí o kúnlẹ̀ kí i bí a ṣe kọ́ ọ, kí o ní bàbá rẹ ló ṣe é. Dárúkọ mi. Sọ pé Ràjí tó wà lẹ́nu kántà iṣẹ́ àgbẹ̀ ló yọ káàdì láìtọ́, tó sì pa ẹnu mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ní kí n wá, n óò wá. Bí wọ́n bá ní àwọn yóò wo ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì mi, kí wọ́n wò ó. Ìyá rẹ ti gbọ́, ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti mọ̀ pé nǹkan kan wà tí mo ń kà lọ́kàn tí kì í ṣe owó. Tọrọ oṣù kan péré lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ kí pépà tó lọ. Má dá a ṣe. Àwọn àgbà òṣìṣẹ́ ṣì wà ní ẹ̀ka àwọn dókítà àti ti àwọn lọ́yà, máa kí wọn dáadáa, títí kan àwọn tó ń gbálẹ̀, nítorí àwọn ló mọ ibi tí wọ́n gbé nǹkan sí.

Mo lọ sí Lálúpọn lọ́jọ́ ọjà tó kọjá. Mo sọ fún Àǹtí Síkí ohun tí wọ́n ní kí o fọwọ́ sí. Ó da gàrí sórí asẹ́, ó ń kù ú, kò wò mí.

Ó ní, “Ẹ sọ fún Àbẹ̀ní pé mo lè wá bá a yí káàdì. Ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí àwa tí a wà lẹ́nu kántà wọ inú?”

Mo ní n kò mọ̀, pé n óò bi ọ́.

Ó ní, “Kí ó bi wọ́n dáadáa. N kò fẹ́ wọ ọkọ̀ dé ìlú lásán.”

Bá mi bi wọ́n, ọmọ mi. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ọ̀gá rẹ gbọ́ ọ yé.

Èmi bàbá rẹ, Ràjí.

Ìwé tí mo yọ káàdì wọn: igba ó lé mẹ́rìndínlógún.
Èyí tí mo dá padà kí n tó fẹ̀yìn tì: ọ̀kàndínlọ́gọ́sàn-án.
Èyí tó ṣì wà lọ́rùn mi: mẹ́tàdínlógójì.